Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Kábà,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Bámidélé ọkọ mi,

Má wulẹ̀ yẹ ìwé yìí wò síwá sẹ́yìn láti mọ ẹni tó bá mi kọ ọ́. Èmi ni. Ọwọ́ mi ló wọ́ báyìí, tí ìlà kan ń gòkè, tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ti ìdí ẹmu dìde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, nítorí aṣọ wà lórí òfì mi, oníbàárà mi sì ti ń bèèrè rẹ̀. Okun o, ọmọ mi. O kú iṣẹ́ tuntun.

Lẹ́tà rẹ dé. Bàbá rẹ àgbà ló lọ gbà á wá ní póòsì ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Inú gbogbo agbo ilé dùn pé wọ́n fi ọ́ ṣe tísà àwọn àgbà ní Ẹkìnrìn-Àdé. Mo ní ṣé ìwọ yìí kọ́ ni mo ń lé kiri inú ọgbà kọfí pé kí o wá lọ sí ilé ìwé? Ìwọ náà ni wọ́n wá ní kí o máa kọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìyá rẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú lẹ́tà náà tí kò jẹ́ kí n gbádùn ìyókù. O ní màmá àgbàlagbà kan wà nínú kíláàsì rẹ tí kò la ẹnu láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ní bí o bá ti ní kó ka orúkọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lójú pátákó, ilẹ̀ ló máa ń wò. O ní olódo ni, pé o máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí àyè lè wà fún ẹni tó fẹ́ mọ̀wé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tíì yọ ọ́. Ka ìwé yìí tán ná.

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fún ọ, mo sì fẹ́ kà á ní èkínní, èkejì, bí Tísà wa ti kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà tiwa. Bí mo bá ṣìnà láàárín, kí o bá mi wá ọ̀nà, o mọ ìyá rẹ.

Èkínní, má tijú láti sọ pé o kò mọ nǹkan. Nígbà tí mo dé ilé bàbá rẹ ní ìyàwó, n kò mọ òfì rárá. Ìkòkò ni ìyá mi ń mọ ní Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, òun náà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin ilé bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n hun, mo ní ta ni kò mọ̀ ọ́n hun? Mo jókòó sídìí òfì, mo ń fa òwú sọ́tùn-ún, mo ń fà á sósì, mo tilẹ̀ ń kọrin sí i. Nígbà tí mo gé aṣọ náà sílẹ̀, orí rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ọ̀já ọmọ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi ń ro oko fún ọdún kan gbáko. Ó ní òun kò ní aṣọ mìíràn tó tu òun lára tó o.

Ìwọ kò tíì ní ẹni tí yóò fi àṣìṣe rẹ ro oko. Nítorí náà bí àgbà kan bá bi ọ́ ní ohun tí kò yé ọ, sọ fún un pé wàá lọ wò ó wá. Àgbà kì í bínú sí ẹni tó lọ wo nǹkan wá. Ẹni tó bá purọ́ fún un ni kò ní gbà gbọ́ mọ́.

Èkejì, ṣọ́ra pẹ̀lú bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì ọmọdé kò bá eegun àgbà mu. Ní oṣù àkọ́kọ́ tiwa, bí wọ́n bá ní kí á dìde kí Tísà, á pẹ́ kí gbogbo wa tó dìde tán, bí ẹni ìkẹyìn bá sì ti nàró, Tísà á ní kí á jókòó. Ní kí wọ́n máa gbé àpótí wọn wá láti ilé. Bí wọ́n bá ń gbé síléètì jìnnà sí ojú, má sọ pé wọn kò mú un dáadáa, ibi tí ojú wọ́n ti ń ríran ni wọ́n gbé e sí. Má pariwo mọ́ wọn, kì í ṣe gbogbo àgbà ni etí rẹ̀ di. Bí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, tètè jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, má wulẹ̀ lu agogo, oko ni wàá ti rí wọn.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń wá láti Kírí, Bàbá Múmúní. Kéwú ló ti kọ́ láti kékeré, nítorí náà apá ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tísà ní kí á dákẹ́, ó ní bàbá yìí nìkan ló ti mọ̀wé kí òun tó dé ìlú yìí. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Múmúní ti máa ń kọ́kọ́ dé kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Tísà sọ o.

Ẹ̀kẹta ló mú mi kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, n kò sì sọ ọ́ fún ọ rí, nítorí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí a sọ fún ọ nínú lẹ́tà ìgbà yẹn ni pé a ṣe àjọ̀dún kíláàsì, a jẹ, a jó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

O mọ bàbá rẹ àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tó gbé ọ lé èjìká nígbà tí bàbá rẹ lọ. O mọ orúkọ rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí mo bá a nílé ọkọ ni, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Apẹ́lóko ni mo sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, nítorí oòrùn kì í wọ̀ bá a nílé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jẹ́ ẹ lẹ́nu mi. Nígbà kan Tísà bi mí bóyá kíkọ náà jẹ́ pípè. Mo ní n kò mọ̀, ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ ti kíkọ, kò rò ó pé n óò mú gègé lọ́wọ́ láyé yìí.

Apẹ́lóko gan-an ló kó àwa ará ilé lọ sí kíláàsì nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ. Ó ti sú mi kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa ka lẹ́tà Bámidélé sí mi létí, kí wọ́n máa fo ibi tó bá le.” Nítorí òun ló dàgbà jù, bẹ́ǹṣì iwájú ló ń jókòó sí. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n kà geere. Òun kò tètè mọ̀ ọ́n. Kò ka nǹkan kan sókè rí, kò sì sẹ́ni tó ní kó kà, nítorí ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà jíjìn ni Tísà wa ti wá, ilé àwọn oníwàásù ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Onínúure ni, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó jẹ́ ìyàwó ilé ta ni láàárín wa. Ó ní kò sí ohun tó máa ń yá àgbà lára láti kà tó orúkọ ènìyàn, ó sì kọ orúkọ gbogbo wa sójú pátákó. Ó pè mí. Mo ń kà á lọ, ìlà dé ìlà, títí mo fi kan orúkọ Apẹ́lóko. Mo panu mọ́.

“Ẹ gbìyànjú, Màmá,” ni Tísà wí.

Mo wo ilẹ̀. Apẹ́lóko jókòó níwájú, ó tẹjú mọ́ pátákó. Àwọn ọkùnrin ilé mọ ohun tó ń ṣe mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Wọ́n rò pé Tísà náà mọ̀, pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Tísà ní kí n kó síléètì mi lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d.

Bámidélé, rò ó wò ná. Èmi tí mo ń ka odindi orin ìsìn láì mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá parí rẹ̀: kí n pe ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n ní, “Tísà, báyìí ni àṣà wa.” Ìgbéraga kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní ẹni tó fi mí sẹ́yìn láì bèèrè, kó wá bèèrè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún fi igi tọ́ka sí orúkọ náà, ó ní bí mo bá lè kà á lónìí, mo lè padà sí àyè mi. Mo dìde dúró, mo sì fi gbogbo ohùn pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bí ẹni tó ń pe ewúrẹ́ wálé.

Tísà pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́.

Apẹ́lóko dìde, ó gbé síléètì rẹ̀ lé orí bẹ́ǹṣì jẹ́jẹ́, ó jáde. Àwọn àgbà mẹ́rin láti agbo ilé wa tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì iwájú ṣófo, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ jókòó síbẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń pa òwe yìí fún ọ láti kékeré, àfi bí ẹni pé n kò pa á fún ara mi rí.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ń tú kọfí tó sá sórí ẹní káàkiri kí ó lè gbẹ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà.

“Ẹ má bínú, Apẹ́lóko. Inú ló bí mi.”

“N kò bínú sí ọ, ìyàwó. Dìde.”

“Bí ẹ kò bá bínú, ẹ padà sí kíláàsì.”

Ó ń tú kọfí lọ. Ó ní, “Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo ohun tí wọ́n kọ yẹn. Mo ní ó le lóòótọ́, ìyàwó tó mọ̀wé jù gbogbo wa lọ kò mọ̀ ọ́n, kò burú bí èmi náà kò bá mọ̀ ọ́n. Ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tí o pè é ni mo tó mọ̀ pé orúkọ tèmi ni.”

Mo ti rò pé àṣà tí mo ṣẹ̀ sí ló lé e jáde. Àṣà nìkan kọ́. Mo bá a tú kọfí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì lọ dáná.

Ní ọjọ́ kejì, kó tó ti oko dé, mo fi hóró kọfí to lẹ́tà kan sí igun ẹní. Ó rí roboto bí ẹnu agbọ̀n, pẹ̀lú hóró kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Ó dé, ó wò ó, ó fi ọwọ́ tú u ká. Mo tún tò ó lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún tú u. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ẹsẹ̀ yà fún un. Mo wá sọ bí lẹ́tà náà ṣe ń jẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń to ọ̀kan lóòjọ́, tí mo ń pe ọ̀kan. N kò so wọ́n pọ̀ rárá, torí bí mo bá so wọ́n pọ̀, mo ti tún pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Òun ni yóò so wọ́n pọ̀, bó bá wù ú. Nígbà tí lẹ́tà tán, kọfí náà gbẹ, a rọ ọ́ sínú àpò. Kò sọ fún mi bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bèèrè.

Nígbà tí kíláàsì pé ọdún mẹ́ta, a ní a óò ṣe àjọ̀dún, a óò sì ṣe é níta gbangba, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. A fẹ́ kí ìlú rí wa. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ṣe ni àwọn arúgbó ń fi ìwé sá fún iṣẹ́ ilé. Àwọn ọkùnrin gbé bẹ́ǹṣì jáde, wọ́n ro abẹ́ igi náà mọ́ tónítóní. Àwa obìnrin gún iyán láti àárọ̀. Àlejò wá láti Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, Bàbá Múmúní sì kó odindi agbo ilé rẹ̀ wá láti Kírí pé kí wọ́n wá wo bí òun ṣe ń kọ̀wé láti apá òsì.

Nígbà yẹn mo ti la ọ̀rọ̀ àṣà yé Tísà, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo kíláàsì, ó sì ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Apẹ́lóko nílé. Mo ti padà sí àyè mi. Apẹ́lóko ni kò tíì padà sí tirẹ̀. Tísà ní a óò ka orúkọ gbogbo ẹni tó bá wa bẹ̀rẹ̀, ìbáà dúró, ìbáà lọ, kí olúkúlùkù wá gba ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan. Ẹgbẹ́ kíláàsì wa sì ní èmi ni kí n kà á, nítorí ohùn mi ló ròkè jù. Wọ́n kò purọ́, ohùn yẹn náà ló ti bà á jẹ́.

Wọ́n to orúkọ náà bí ọjọ́ orí ti rí. O ti mọ ẹni tó máa wà lókè pátápátá. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo ní níwọ̀n bí kò ti ní wá, n óò sọ pé, “Bàbá wa tó kó wa wá,” n óò sì kọjá sí èkejì.

Ṣùgbọ́n ó wá. A ti jẹun, a ti kọrin a, b, d tí a fi orin ìdí òfì dá, atẹ́gùn ti gbé ìwé orúkọ lọ lẹ́ẹ̀kan tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan nínú wa ní kíláàsì, fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti kà á nígbà tí mo rí Apẹ́lóko lẹ́yìn èrò, lórí gbòǹgbò igi. Aṣọ tí mo hun fún un ló ró. Àwọn àgbà mẹ́rin yẹn dúró tì í.

Ọmọ mi, mo wo ìwé, mo wo Apẹ́lóko. Bí mo bá fò ó, mo ti yọ ọ́ kúrò láàárín wa lójú ara rẹ̀. Bí mo bá pe Apẹ́lóko lójú àlejò, mo ti fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá sì pe orúkọ náà gan-an lẹ́ẹ̀kejì, kí n kúkú kó ẹrù mi kúrò nílé. Mo dúró, ẹnu mi kò ṣí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní, “Àbí kò mọ̀ ọ́n kà ni?” Tísà ti ń dìde láti gbà mí.

“Jókòó, Tísà,” ni Apẹ́lóko wí láti ẹ̀yìn. “Ìyàwó, mú ìwé yẹn wá.”

Mo mú un lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra díẹ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé orí ẹní kọfí ló wà. Nígbà tó ṣe, ó gbé ojú sókè, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n o mọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ta ni kò mọ orúkọ ara rẹ̀? Èmi náà á pe tèmi láì wo ìwé kankan.” Gbogbo abẹ́ igi hó fún ẹ̀rín. Apẹ́lóko náà rẹ́rìn-ín. Ó tún tẹjú mọ́ ìwé náà, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbàdúrà nínú pé kó dá ìwé padà kó lọ jókòó. Ìka náà dúró.

“Rèbékà,” ló wí.

Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. “Àwọn tó kù di tìrẹ. Máa kà á lọ.”

Mo kà á lọ, mo ń sunkún, mo ń kà á. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nílé yẹn, ìyàwó ló máa ń pè mí, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ rí. N kò sì to orúkọ mi sórí ẹní fún un. Nígbà tí a ń kó bẹ́ǹṣì wọlé, mo bi í níbi tó ti kọ́ ọ.

Ó wò mí bí ẹni pé mo bèèrè ọ̀nà odò. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe òun ni Bámidélé máa ń kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà ni? Ọ̀nà póòsì ọ́fíìsì jìn, n kì í sì í yára rìn.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì iwájú kún. Bàbá Alágbẹ̀dẹ jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì tún bá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ ọjà.

Nítorí náà, ta ló ni orúkọ tí màmá Ẹkìnrìn-Àdé yẹn kò lè kà? Wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Wo ẹni tó jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé náà ló yẹ kí tísà wò kó tó ní kí ènìyàn pe orúkọ ẹlòmíràn. Pe màmá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bi í jẹ́jẹ́. Ó lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ o. Ó lè jẹ́ ojú ni, ó lè jẹ́ eyín ló ká lẹ́nu rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹ rí i. Ṣáà bèèrè. Bí ìyá kan bá wo ilẹ̀, má sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Bí bàbá kan bá sì tẹjú mọ́ pátákó, má sọ pé ó mọ̀ ọ́n.

Kí màmá náà má fi ẹ̀bi gbogbo lé ọ lórí, ìwọ náà kí o sọ fún un pé ìyá rẹ ṣe irú rẹ̀ rí, pé ìgbéraga ló pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, òun náà ló là á lẹ́nu nígbà tó yẹ kó dákẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Èmi àgbà ti ṣe wèrè tèmi, mo fi ọgbọ́n rẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ó kù díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, jẹ ẹ́, kódà bó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta lóòjọ́ náà. Àgbà tí o kọ oúnjẹ rẹ̀ kò ní gba ẹ̀kọ́ rẹ. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sì ní ọmọbìnrin tó gbọ́n, tó níwà, o kò gbọdọ̀ máa wò ó ní àkókò kíláàsì. Lẹ́yìn kíláàsì, kọ̀wé sí mi. Mo ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, n kò ní ní kí ẹnikẹ́ni fo ibi tó bá le.

Bí kíláàsì rẹ bá pé ọdún kan, kó wọn jáde síta. Wá igi tó ní ibòji, jẹ́ kí ìlú wò wọ́n. Ìdí òfì ni n óò ti dìde wá, Apẹ́lóko sì ní òun yóò bá mi wá, bí iṣu bá ti wọ àká.

Mo ka ìwé yìí sí i létí láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní n kò ní kọ orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ti gba gègé mi kejì láti ìgbà yẹn, ó ń dán an wò lórí ìwé mìíràn, yíǹkì ti kan aṣọ rẹ̀ níbi méjì, kò sì jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rèbékà.

Èyí tó wà lábẹ́ yìí, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

ỌLỌRUNFẸMI